RÁNTÍ ỌMỌ ẸNI TÍ ÌWỌ Í ṢE: Ẹ̀kọ́ lórí Ìrántí àti Ẹni tí A Jẹ́

Ibi kíkà: Jóṣúà 4:1–7, Aísáyà 49:14–16, Lúùkù 2:15–19

Kókó ẹ̀kọ́: Ìrántí ni okùn tí ó so àná wa mọ́ òní. Nígbà tí okùn náà bá já lọ́wọ́ ẹnìkan, àwọn tí ó fẹ́ràn rẹ̀ ni ó yẹ kí wọ́n bá a dì í mú.

Ìfáàrà

Nígbà tí a wà ní ọmọdé, kò sí ẹni tí ó ń ti ilé lọ sí ìrìn àjò tí ìyá rẹ̀ kì í bá dé ẹnu ọ̀nà kí ó sì wí fún un pé, "Rántí ọmọ ẹni tí ìwọ í ṣe." Àwa a dáhùn pé, "Mo ti gbọ́, mà," a ó sì sáré lọ bá ọkọ̀. Èmi rò pé ìkìlọ̀ lásán ni, kí á má baà ba orúkọ ilé jẹ́. N kò mọ̀ pé ìbéèrè ńlá wà nínú ọ̀rọ̀ náà, àfi ìgbà tí ìyá tí ó ń sọ ọ́ fún mi kò mọ ọmọ ẹni tí èmi í ṣe mọ́.

Aláṣọ ni ìyá mi. Gbèsè tí àwọn oníbàárà bí ogójì jẹ ẹ́ wà lórí rẹ̀ láìsí ìwé, kò sì ṣi kọ́bọ̀ rí. Díẹ̀díẹ̀ ni nǹkan bẹ̀rẹ̀. Ó fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó bi mí ní ìbéèrè kan náà nígbà mẹ́rin láàárín wákàtí kan. Ní ọjọ́ kan, ó ṣìnà ní ojú ọ̀nà ọjà tí ó ti ń rìn láti ọgbọ̀n ọdún. Àwọn ọmọ aládùúgbò ni ó fà á lọ́wọ́ wá sílé. Àwọn kan ní kí á mú un lọ síbi àdúrà. Àwọn mìíràn, tí wọn kò lè sọ ọ́ sójú wa, ń sọ ọ́ lẹ́yìn pé ìyá arúgbó ti fẹ́ máa jẹ́wọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, mo gbé ẹ̀kọ àti àkàrà síwájú rẹ̀. Ó wò mí dáadáa, ó sì fi ọ̀wọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó ní, "Ẹ ṣé gan-an, mà. Ilé ta ni ẹ ti wá?" Mo wọ yàrá, mo sì sọkún.

Mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí nínú ẹgbẹ́ wa. Ìdí nìyí tí mo fi pèsè ẹ̀kọ́ yìí, kí á lè jọ yẹ̀ ẹ́ wò.

1. Ṣé ìrántí nìkan ni ènìyàn?

Ní ọdún 1694, ọlọ́gbọ́n ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì kan tí ń jẹ́ John Locke fi orí tuntun kan kún ìwé ńlá tí ó kọ lórí òye ènìyàn. Ohun tí ó ń wádìí ni èyí: kí ni ó mú kí arúgbó tí a ń wò lónìí jẹ́ ẹnì kan náà pẹ̀lú ọmọdé tí ó ń sáré kiri ní ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn? Ara ti yí padà, eyín ti ká, irun ti funfun. Locke ní kì í ṣe ara ni a ó wò. Ó ní ibi tí ọkàn ènìyàn bá lè padà sí lẹ́yìn, tí ó sì mọ ohun ìgbà náà sí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣe, ibẹ̀ ni ẹni tí ó jẹ́ nà dé.

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí a bá jí lọ́la tí a kò mọ ọkọ, tí a kò mọ ọmọ, tí a kò rántí ẹ̀jẹ́ tí a jẹ́ níwájú pẹpẹ, a ó máa wo ojú ara wa nínú dígí bí ẹni ń wo àlejò. Àwọn àgbà pàápàá ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Bí kò bá sí ẹ̀yìn tí àgbà lè wò ńkọ́?

Ṣùgbọ́n àlùfáà kan ní ilẹ̀ Scotland, Thomas Reid, fi ìtàn kan dá Locke lóhùn ní ọdún 1785. Ó ní kí á rò pé ọmọkùnrin kan jí èso nínú ọgbà, wọ́n sì nà án ní ilé-ìwé. Nígbà tí ó dàgbà, ó di jagunjagun, ó gba àsíá lọ́wọ́ ọ̀tá. Nígbà tí ó darúgbó, ó di ọ̀gágun àgbà. Ní ọjọ́ tí ó gba àsíá, ó ṣì rántí pàṣán tí ó jẹ. Nígbà tí ó di ọ̀gágun àgbà, ó rántí àsíá, ṣùgbọ́n ó ti gbàgbé pàṣán pátápátá. Bí a bá tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ Locke, ọ̀gágun àgbà yìí kì í ṣe ọmọ tí wọ́n nà. Irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn? Bí a bá gbé e dé iwájú ìyá tí ó bí i, yóò fi wá rẹ́rìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí èmi náà fi tèmi kún un. Ta ni nínú wa tí ó rántí ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀? Kò sí. A kò mọ ẹni tí ó gbé wa lọ́wọ́, a kò mọ bí oyin ti rí lẹ́nu wa ní ọjọ́ náà. Síbẹ̀, orúkọ tí wọ́n sọ wá ni a ń jẹ́ títí di òní. Ẹlòmíràn ni ó bá wa rántí rẹ̀. Nítorí náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ ayé wa ni ìrántí ẹni tí a jẹ́ ti wà lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn.

2. Kí ni ó ń ṣe ọpọlọ?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 1901, wọ́n gba obìnrin ẹni ọdún 51 kan, Auguste Deter, sí ilé ìwòsàn ní ìlú Frankfurt ní Jámánì. Dókítà Alois Alzheimer jókòó tì í, ó ní kí ó kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, kò lè parí rẹ̀. Ó wá wí pé òun ti sọ ara òun nù. Ó kú ní ọdún 1906. Dókítà náà yẹ ọpọlọ rẹ̀ wò, ó rí i pé ó ti sún kì, àti pé àwọn ohun kan tí kò yẹ kí ó wà níbẹ̀ ti dì sí inú rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà ni ó ròyìn ohun tí ó rí fún àwọn dókítà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ìlú Tübingen. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe àrùn náà títí di òní.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn. Ọpọlọ ni ó ń ṣàìsàn, gẹ́gẹ́ bí ọkàn tàbí kíndìnrín ti lè ṣàìsàn. Kì í ṣe àjẹ́. Kì í ṣe èpè. Kì í sì í ṣe ẹ̀san ohun tí ìyá náà ṣe ní ìgbà èwe. Nígbà tí ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra bá ń sọ ọ̀rọ̀ tí kò lórí tí kò nídìí ní ojú títì, kò jẹ́wọ́ ohunkóhun. Ó ṣìnà ni. Ẹni tí ó bá sọ òkúta lu irú ìyá bẹ́ẹ̀, aláìsàn ni ó lù.

Àwọn kan ń sọ pé àrùn òyìnbó ni, kò sí ní ilẹ̀ wa. Ní ọdún 1992, àwọn dókítà Yunifásítì Ìbàdàn àti ti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ìwádìí kan pọ̀. Wọ́n bá àwọn àgbà tí ó ti pé ọdún 65 sókè sọ̀rọ̀ ní àdúgbò Ìdíkàn ní Ìbàdàn, wọ́n sì ṣe bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ènìyàn dúdú ní ìlú Indianapolis. Èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2001 fi hàn pé, nínú 100 àgbà ní Ìdíkàn, ó ju ẹnìkan lọ díẹ̀ tí àrùn Alzheimer ń ṣẹ̀ṣẹ̀ mú lọ́dún kan; ní Indianapolis, ó tó méjì àbọ̀. Tiwa kò tó ìdajì tiwọn, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ó wà láàárín wa, kò sì yẹ kí á máa pa ojú dé sí i.

Gbogbo ìgbàgbé kọ́ ni àrùn. Ẹni tí ó gbàgbé ibi tí ó fi kọ́kọ́rọ́ sí kò ní àrùn kankan. Ẹni tí ó mú kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ tí kò mọ ohun tí a ń fi í ṣe ni kí á tètè mú lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹ má ṣe sọ pé, "Ọjọ́ ogbó ni, ó ń ṣàrán ni," kí ẹ sì jókòó sílé. Nígbà mìíràn, àìtó fítámì kan, àkóràn, ìbànújẹ́ ńlá, tàbí oògùn tí àgbà ń lò ni ó ń da iyè rẹ̀ rú, dókítà sì lè tọ́jú ìwọ̀nyí. Ti Alzheimer ni a kò tíì rí oògùn tí ó wò ó sàn pátápátá.

3. Ilé tí ó ní yàrá púpọ̀

Ní ọdún 1953, ọ̀dọ́mọkùnrin ẹni ọdún 27 kan ní Amẹ́ríkà, tí wárápá ti ń dà láàmú gidigidi, gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún òun nínú ọpọlọ ní ìlú Hartford. Wárápá náà rọlẹ̀, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà lọ kò lè fi ohun tuntun pamọ́ sínú iyè mọ́. Bí ẹni tí ó ń bá a sọ̀rọ̀ bá jáde, tí ó sì padà wọlé, àlejò tuntun ni lójú rẹ̀. Onímọ̀ obìnrin kan, Brenda Milner, fún un ní iṣẹ́ kan: kí ó máa fi pẹ́ńsù tọ ẹsẹ̀ àwòrán ìràwọ̀, kí ó sì máa wo ọwọ́ ara rẹ̀ nínú dígí nìkan. Iṣẹ́ náà le. Nígbà tí yóò fi di ọjọ́ kẹta, ọwọ́ rẹ̀ ti mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni kò rántí pé òun ti ṣe é rí. Ọwọ́ rántí ohun tí ọkàn kò rántí.

Ní ọdún 1985, àìsàn kan wọ inú ọpọlọ olórin ará Ìlú Gẹ̀ẹ́sì kan, Clive Wearing. Ìrántí rẹ̀ kò lè pẹ́ ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ mọ́. Síbẹ̀, bí wọ́n bá mú un jókòó síwájú dùùrù, orin ń jáde. Ó sì mọ Deborah ìyàwó rẹ̀. Nígbàkígbà tí obìnrin náà bá wọlé, ńṣe ni ó máa ń dì mọ́ ọn bí ẹni tí ó ti àjò ọdún pípẹ́ dé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì pẹ́ tí ó jáde.

Nínú ìtàn méjèèjì yìí ni mo ti kọ́ pé iyè ènìyàn kì í ṣe yàrá kan ṣoṣo. Ilé ńlá ni. Iná lè jó yàrá kan kí àwọn yàrá yòókù ṣì dúró. Nígbà náà ni mo wá bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìyá mi pẹ̀lú ojú mìíràn. Ẹni tí kò mọ ọjọ́ òní, bí a bá dá orin ní ìgbà àdúrà alẹ́, a gbe ohùn kejì rẹ̀ títí dé ẹsẹ tí ó kẹ́yìn, kò sì ní wo ìwé. Bí mo bá gbé aṣọ tí a sá síwájú rẹ̀, a ká a ní etí sí etí bí ẹni ń pa á mọ́ sí ìsọ̀. Ní alẹ́ ọjọ́ kan, mo ń fi òrí pa á lẹ́sẹ̀. Ó gbé ọwọ́ lé mi lórí, ó ní, "Àbẹ̀kẹ́, o ò tíì jẹun." Orúkọ mi ti bọ́ sọnù lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, oríkì mi kò sọnù. Láti ìgbà tí bàbá mi ti kú, kò sí ẹlòmíràn tí ń pè mí bẹ́ẹ̀.

4. Ọmọ tí ìyá mi ń wá

Ní àkókò náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọmọ kan. Bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú, a dìde, a máa wo ẹnu ọ̀nà, a ní, "Ẹ bá mi pe ọmọ náà wọlé o." A sì dárúkọ ọmọ náà. Kò sí ẹni tí ń jẹ́ orúkọ náà nínú ilé wa. Èmi sì ni àkọ́bí, bí mo ti mọ̀ ọ́n.

Mo lọ bá àbúrò ìyá mi obìnrin. Nígbà tí mo dárúkọ ọmọ náà, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ta ni ó sọ ìyẹn fún ọ? Ìyá rẹ bí ọmọ kan ṣáájú rẹ. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí ibà mú un lọ. Oyún rẹ wà nínú ìyá rẹ nígbà náà, ni àwọn àgbà bá ní kò gbọ́dọ̀ sọkún, kò sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ọmọ náà mọ́, kí ó má baà ṣe oyún léṣe. Ó gbà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí a ó sọ ọ́ lórúkọ, ó ní òun ní orúkọ tí òun fẹ́. Ó ní Rẹ̀mílẹ́kún ni."

Ẹ̀yin arábìnrin mi, ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí mo ti ń jẹ́ orúkọ yìí. Mo ń kọ ọ́ sórí ìwé, wọ́n ń fi pè mí ní ìjọ, n kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ẹkún tí wọ́n ní kí n rẹ̀. Ìdajì ẹni tí mo jẹ́ wà nínú ìrántí tí ìyá mi kò sọ fún mi.

Nínú ibi kíkà wa àkọ́kọ́, wọ́n kó òkúta méjìlá láti inú odò Jọ́dánì, kí àwọn ọmọ lè béèrè ìtumọ̀ wọn ní ọjọ́ iwájú. Òkúta kì í sọ̀rọ̀. Bí ọmọ bá béèrè, àgbà ni yóò dáhùn. Orúkọ wa, fọ́tò tí ó wà lára ògiri, aṣọ tí ó wà nísàlẹ̀ àpótí, òkúta ni gbogbo wọn. Bí a bá kú láìsọ ìtàn wọn, òkúta lásán ni àwọn ọmọ wa yóò bá.

5. Ìrántí a máa ṣini lọ́nà

Ṣùgbọ́n kí á ṣọ́ra. Ìyá mi kan náà tí ó sọ òótọ́ nípa ọmọ yìí ni ó ní mo jí ìlẹ̀kẹ̀ òun, bẹ́ẹ̀ ni ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ fún àbúrò mi ní ìlẹ̀kẹ̀ náà ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Bí kò bá ṣe pé mo béèrè lọ́wọ́ àbúrò rẹ̀, n kò ní mọ èyí tí í ṣe òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì.

Kì í sì í ṣe aláìsàn nìkan ni ó ń ṣì í rántí. Ní ọdún 1995, Elizabeth Loftus àti ẹnì kejì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà tẹ èsì ìwádìí kan jáde. Wọ́n kó ènìyàn 24 jọ, wọ́n sì fún ẹnìkọ̀ọ̀kan ní ìtàn mẹ́rin nípa ìgbà èwe rẹ̀. Mẹ́ta jẹ́ òótọ́ tí wọ́n gbọ́ lẹ́nu ẹbí rẹ̀. Ẹ̀kẹrin, pé ó sọnù nínú ilé ìtajà ńlá nígbà kan rí, irọ́ ni. Nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin àwọn ènìyàn náà ni ó gbà pé àwọn rántí rẹ̀. Ìrántí kì í ṣe fọ́tò. Ó dà bí ọbẹ̀ àná tí a ń gbé kaná lójoojúmọ́: bí a ti ń gbé e kaná ni a ń fi omi díẹ̀ àti iyọ̀ díẹ̀ kún un.

Nítorí náà, bí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò bá ń jà lórí ilẹ̀ tàbí lórí ọ̀rọ̀ tí ìyá sọ kí ó tó kú, tí ẹnìkọ̀ọ̀kan ń búra pé òun rántí dáadáa, ó lè jẹ́ pé kò sí òpùrọ́ kankan láàárín wọn. Ẹ jẹ́ kí á rọra dájọ́ ara wa.

6. Ohun tí ó yẹ kí á fi pamọ́

Nínú ibi kíkà wa láti inú Ìhìnrere Lúùkù, àwọn olùṣọ́-àgùntàn ròyìn ohun tí wọ́n rí fún gbogbo ènìyàn, ṣùgbọ́n Màríà pa tirẹ̀ mọ́ sínú ọkàn rẹ̀, ó ń rò ó. Ọ̀nà méjèèjì dára. Ìrántí kan wà fún ọjà, ìrántí kan wà fún ìyàrá.

Ọkùnrin Hartford tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn dókítà kọ̀wé púpọ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́tà méjì péré, H.M., ni wọ́n fi ń pè é nínú ìwé wọn. Ìgbà tí ó kú ní ọdún 2008 ni aráyé tó mọ̀ pé Henry Molaison ni orúkọ rẹ̀. Ju àádọ́ta ọdún lọ ni wọ́n fi bò ó láṣìírí. Ẹ wo bí ó ti yàtọ̀ sí ti àwọn tí ó máa ń yọ fóònù síta lónìí, kí wọ́n lè ya fídíò ìyá arúgbó tí ó ṣìnà, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ káàkiri.

Ẹni tí iyè rẹ̀ ti ra kì í lè ṣọ́ ẹnu rẹ̀ mọ́. Ohun tí ó ti fi pamọ́ fún ọmọ, fún ọkọ, fún ìyá ọkọ láti àádọ́ta ọdún lè jábọ́ lẹ́nu rẹ̀ nígbà tí a ń wẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ẹrù tí a rí he lójú ọ̀nà. Ó ní olówó. Ìwọ tí o gbọ́ ọ, ìwọ ni olùṣọ́ rẹ̀.

Èmi náà kọ́kọ́ ṣì í ṣe. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, nígbà tí ó ń pe ọmọ náà, mo rò pé òótọ́ ni ó yẹ kí Kristẹni sọ. Mo ní, "Màmá, ọmọ náà ti kú." Ó sọkún bí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ ọ. Ní ọjọ́ kejì, ó ti gbàgbé ohun tí mo sọ, ṣùgbọ́n kò gbàgbé ìbànújẹ́ náà. Ó jókòó láti àárọ̀ di alẹ́, kò jẹun, kò sì lè sọ ohun tí ó ń ṣe é. N kò sọ ọ́ mọ́. Láti ìgbà náà, bí ó bá ti dìde, mo máa ń fà á lọ́wọ́ jókòó, n ó ní, "Màmá, ẹ sọ fún mi nípa rẹ̀." Ara rẹ̀ a balẹ̀. A ní ọmọ náà fẹ́ràn eèpo iṣu sísun, pé kì í sùn bí òun kò bá pọ̀n ọ́n. Irọ́ kọ́ ni mo pa fún un. Ọ̀rọ̀ ọmọ tí wọn kò jẹ́ kí ó sọ ní ìgbà èwe rẹ̀ ni mo jẹ́ kí ó sọ. Ní àwọn ìrọ̀lẹ́ wọ̀nyí ni mo mọ ẹ̀gbọ́n mi.

Àwọn àbúrò mi méjèèjì nìkan ni mo sọ fún. Ìyá wa ti sùn nínú Olúwa báyìí. Kí n tó kọ èyí, mo gba àyè lọ́wọ́ wọn, n kò sì kọ orúkọ ọmọ náà síbí. Ti ìyá mi ni.

7. Ohun tí a lè ṣe nínú ilé

(a) Ẹ kọ orúkọ sẹ́yìn fọ́tò lónìí, nígbà tí ẹni tí ó mọ̀ wọ́n ṣì wà láàyè. Ẹ kọ ọdún àti ibi tí a ti yà á sí i.

(b) Ẹ sọ ìtàn orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan fún un. Èyí tí kò bá ṣeé sọ nísinsìnyí, ẹ kọ ọ́ pamọ́ tàbí kí ẹ fi lé ẹnìkan tí ó ṣeé fọkàn tán lọ́wọ́.

(d) Ẹ kọ ọ̀rọ̀ ilẹ̀, gbèsè àti ogún sínú ìwé níwájú ẹlẹ́rìí. Ẹ má fi ṣe ti iyè nìkan.

(e) Bí àgbà bá béèrè ohun kan náà nígbà mẹ́wàá, ẹ dá a lóhùn nígbà mẹ́wàá. Ẹ má bá a jiyàn, ẹ má sì bi í pé, "Ṣé ẹ mọ̀ mí?" Ẹ kọ́kọ́ sọ orúkọ yín fún un, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

(ẹ) Ẹ lo orin, oríkì àti iṣẹ́ ọwọ́ tí ó mọ̀. Yàrá tí iná kò jó nìyẹn.

(f) Ẹ tọ́jú ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ. Àwọn méjèèjì lè ba ọpọlọ jẹ́.

(g) Ẹni tí ó ń tọ́jú irú aláìsàn yìí a máa rẹ̀ púpọ̀. Ẹ yan ẹni méjì nínú ẹgbẹ́ tí yóò máa bá a jókòó ní ọ̀sán kan lọ́sẹ̀, kí òun náà lè sùn.

Ìparí

Mo máa ń ka ibi kíkà wa nínú ìwé Aísáyà bí ẹni ń ka ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. Wòlíì béèrè bóyá ìyá lè gbàgbé ọmọ ọmú rẹ̀, ó sì gbà pé ó ṣeé ṣe. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi, nítorí náà mo lè jẹ́rìí. Ìlérí tí ó tẹ̀ lé e ni mo wá dì mú: Ọlọ́run kì í gbàgbé, orúkọ wa sì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ohun tí èmi rántí nìkan ni mo jẹ́, ìyá mi ti tán kí ó tó kú. Ṣùgbọ́n kò tán. Ó wà lọ́wọ́ Ẹni tí ó dá a, ó sì wà lọ́wọ́ àwa tí ó bí.

Àwọn àgbà ní bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ni í mu. Ní alẹ́ tí ó kẹ́yìn, mo jókòó ti ìyá mi. Mo pè é ní oríkì rẹ̀. Mo sọ orúkọ bàbá rẹ̀ fún un, àti orúkọ ìyá rẹ̀, àti ìlú tí ó ti wá, àti àwọn ọmọ tí ó bí, gbogbo wọn, láti orí èyí tí ó kọ́kọ́ bí. N kò mọ̀ bóyá ó gbọ́. Ó ti sọ fún mi ní ẹnu ọ̀nà nígbà kan rí pé kí n rántí ọmọ ẹni tí èmi í ṣe. Ó kàn mí láti sọ ọ́ fún un ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ta ni ó sọ ọ́ lórúkọ tí ìwọ ń jẹ́, kí sì ni ìtàn rẹ̀? Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, ta ni o lè béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọ̀sẹ̀ yìí?
2. Kí ni a lè ṣe bí ẹnìkan ládùúgbò wa bá pe ìyá arúgbó tí iyè rẹ̀ ti ra ní àjẹ́?
3. Irú ìrántí wo ni ó yẹ kí ìyá sọ fún ọmọ rẹ̀, èwo ni ó sì tọ́ kí ó pa mọ́?
4. Ìyá kan ń wá ọkọ rẹ̀ tí ó ti kú. Báwo ni a ó ṣe dá a lóhùn láìpurọ́, láìsì tún ọgbẹ́ rẹ̀ dá?

Àdúrà

Olúwa, ìwọ tí kì í gbàgbé, bá wa pa ìrántí wa mọ́. Fún àwọn tí ó ń tọ́jú àgbà ní sùúrù, kí o sì fún wa ní ẹnu tí ó lè bo àṣírí. Ní ọjọ́ tí àwa náà bá gbàgbé, má ṣe jẹ́ kí á ṣaláìní ẹni tí yóò pè wá ní orúkọ wa. Àmín.